Ẹ Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Gẹ̀ẹ́sì, Ẹ Má Fi Gẹ̀ẹ́sì Dí Wọn Létí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àti èdè tí olùkọ́ yóò máa fi bá wọn sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba ti wọ́gi lé ètò tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, níbi tí àwọn kọmíṣánnà ìpínlẹ̀ ti máa ń pàdé, ti fọwọ́ sí i níbi ìpàdé wọn ní Àkúrẹ́ ní oṣù kan náà. Ètò tí wọ́n pa rẹ́ yìí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí a sì wá da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn nígbà tí ọmọ bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú èyí? Ó kàn wá gan-an. Ọmọ olówó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé kó tó dé ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́, ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́, olùkọ́ àdáni sì ń wá bá a ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ awakọ̀, ọmọ ẹni tó ń di ẹrù ní ilé iṣẹ́, ọmọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, Yorùbá ló bá nílé. Bí a bá sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kó fi èdè tí kò gbọ́ kọ́ ìwé, ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, a ti gbé ẹrù méjì lé e lórí kó tó mọ bí a ti ń gbé ẹyọ kan. Nígbà tó bá sì wó, òun náà ni wọn yóò pè ní olódo.

A fẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn pé àwa kò lòdì sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sọ pé ká lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò nílé-ẹ̀kọ́, ọ̀tá ọmọ òṣìṣẹ́ ni. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Òun ni wọ́n fi kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìléníṣẹ́. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lágbàáyé lónìí lé ní bílíọ̀nù kan, àwọn tó sì kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì pọ̀ ju àwọn tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Nígbà tí oníṣòwò láti Ṣáínà àti oníṣòwò láti Bràsíl bá pàdé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa fi ná ọjà, kò sì sí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan láàárín wọn. Èdè náà ti kúrò ní ti ará Ìlú Ọba nìkan. Ó ti di bí ọjà gbogboogbò, tí ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè wọ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ìrìnnà mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni awakọ̀ òfurufú tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fi ń bá àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní pápákọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn atukọ̀ ojú òkun náà ní àwọn gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n fẹnu kò lé lórí láti ọdún 2001, kí ọkọ̀ má bàa kọlu ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ọdún 1977, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì kọlu ara wọn ní pápákọ̀ Tenerife, ní erékùṣù àwọn ará Sípéènì. Ènìyàn 583 ló kú. Kùrukùru bo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lára ohun tó sì fa ìjàǹbá ọ̀hún ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí awakọ̀, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, sọ. Òun ń sọ pé òun ti ń gbéra. Ẹni tó ń darí ọkọ̀, ọmọ Sípéènì, rò pé ńṣe ló dúró ń retí àṣẹ. Àwọn méjèèjì ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò wọlé.

Kí ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé ṣe lẹ́yìn náà? Wọn kò sọ pé kí gbogbo awakọ̀ gbàgbé èdè ìyá wọn. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn tò, wọ́n yan ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó fún ohun kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sì di ọdún 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin wọn awakọ̀ wò bóyá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ irinṣẹ́. Irinṣẹ́ a máa fẹ́ kíkọ́, a máa fẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, a sì máa fẹ́ àkókò. Wíwà létí ariwo rẹ̀ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá nínú rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀nà àwa àti Mínísítà ti pínyà. Kíkọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan kan. Fífi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní gbogbo nǹkan láti ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan mìíràn. Àwọn aláṣẹ ń pe méjèèjì ní nǹkan kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí òbí fi ń gbà fún wọn.

Ẹ lọ sí ọgbà mẹkáníìkì tó bá wù yín, kí ẹ dúró tẹ́tí. Ọmọ iṣẹ́ tí kò ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ń wí fún un pé: "Bí ẹ́ńjìnnì bá ń hú tí kò fà, yọ púlọ́ọ̀gì wò ná. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí èédú, epo tó ń wọlé ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Lọ wo kábúrétọ̀." Púlọ́ọ̀gì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kábúrétọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ìdí abájọ, bí èyí ṣe ń fa ìyẹn, Yorùbá ni ọ̀gá fi là á yé e. Láàárín ọdún mélòó kan, ọmọ náà yóò máa tú ẹ́ńjìnnì, yóò sì máa tò ó padà. Bí ọ̀gá bá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun yóò fi kọ́ ọ, ọmọ náà yóò mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀, kò sì ní mọ ìdí tí ọkọ̀ fi dákẹ́. Iléèwé tí à ń sọ yìí kò yàtọ̀. Orúkọ nǹkan lè wá láti ibikíbi. Àlàyé ló gbọ́dọ̀ wá ní èdè tí ọmọ gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkà. Ọmọ tó bá ń kọ́ lẹ́tà ń so àmì tó wà lórí pátákó pọ̀ mọ́ ìró tó ti wà létí rẹ̀. Bó bá rí "bàtà," tó pè é, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun pè é re, nítorí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nínú èdè tí kò gbọ́, kò sí ohun tó lè fi dán ìpè rẹ̀ wò; ńṣe ni yóò máa tẹ̀ lé olùkọ́ bí ayékòótọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ọmọ tó ka ìwé jálẹ̀ lóhùn òkè, tí ẹ bá sì bi í léèrè ohun tó kà, yóò máa wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti mọ ìwé kà ní èdè kan kì í tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè kejì. Ọ̀nà tí a fi ń kàwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun ló kù tí yóò wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àlá ni à ń lá. Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ yìí, nílé wa níbí. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà, tó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tó di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà, ló ṣíwájú wọn, àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tí wọ́n kọ́ fún un. Àwọn yòókù ṣe bí ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà náà ti ń ṣe: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta.

Kí ni wọ́n rí? Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ kankan. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n ta àwọn yòókù yọ. Ohun tó sì yẹ kí Mínísítà kà lẹ́ẹ̀mejì ni pé nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò kéré sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní ìwé ní ọdún 1989. Ó wà ní ilé ìkàwé. Kò sọnù, kò sì jóná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ìjọba kan tó mú un lọ́kùn-únkúndùn débi tí yóò fi di ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wẹ̀yìn díẹ̀. Ní ọdún 1859, àwọn míṣọ́nnárì ti ń tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn kà. Nígbà tó di ọdún 1882, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ètò ẹ̀kọ́ kan fún Èkó àti Gold Coast, owó ìrànwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sì wá rọ̀ mọ́ kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n nílò akọ̀wé àti ògbufọ̀, wọ́n sì sanwó fún ohun tí wọ́n nílò. Ní ọdún 1953, àjọ UNESCO ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé èdè ìyá ọmọ ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1977, ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n fi èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2022 ni wọ́n mú un gbòòrò dé ọdún mẹ́fà. Ọdún 2025 ni wọ́n wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Láti ọdún 1882 títí di òní, ọmọ aláìní ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù nínú eré yìí.

Ọ̀nà tí àwọn tó ṣe irú èyí ṣáájú wa gbà kò pamọ́. Ní ọdún 2002, ìjọba Gánà ní kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni láti kíláàsì àkọ́kọ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti yí i padà, wọ́n tún gba èdè àdúgbò wọlé fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ní ọdún 2003, ìjọba Malaysia ní kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2009, wọ́n kéde pé àwọn yóò fi í sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìgbèríko ń rẹ̀yìn. Ẹ wo ọkọ̀ tí ẹ ń wà. Àwọn ará Japan tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi èdè Japan kọ́ ìṣirò. Àwọn ará Jámánì tó ṣe ẹ̀rọ tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa fi èdè Jámánì kàwé. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń fi í tà wá lọ́jà, ṣùgbọ́n wọn kò fi dí ọmọ wọn létí nígbà tó ń kọ́ ẹyọ kan, eéjì, ẹẹ́ta.

Ó yẹ kí a dá àwọn tó ń sọ ti Mínísítà lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Èkíní, Mínísítà ní àwọn ẹkùn tó gba èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. A bi í léèrè: àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò ní ọdún 2025, ìgbà wo ni wọ́n fi èdè abínibí kà á fún ọdún mẹ́fà? Ètò ọdún 2022 kò tíì bí ọmọ kan tó lè jókòó ṣe WAEC. Ọmọ tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ọdún 2022 kò tíì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa ètò náà. Mínísítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà, Adamu Adamu, sì sọ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i pé yóò gba àkókò, nítorí ìwé àti olùkọ́ kò tíì sí nílẹ̀. Ọbẹ̀ tí a kò tíì gbé kaná, ta ló tọ́ ọ wò tó ní kò dùn? Bí àwọn ọmọ bá ń fìdí rẹmi, ẹ jẹ́ ká wo òrùlé tó ń jò, kíláàsì tó kún fọ́fọ́, àti olùkọ́ tí wọn kò sanwó rẹ̀ lásìkò.

Èkejì, wọ́n ní èdè pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí náà, ọmọ Yorùbá wà, ọmọ Ìgbò wà, Haúsá wà, Ègùn wà, Urhobo wà. Ṣùgbọ́n èdè àdúgbò ni ètò náà sọ. Ọmọ Ègùn ní Àgbádárìgì ní ẹ̀tọ́ sí Ègùn tirẹ̀, bí ọmọ Yorùbá ṣe ní sí Yorùbá ní Ìbàdàn. Níbi tí gbogbo èdè bá ti dàpọ̀ mọ́ra, bí apá kan ní Èkó, tí kò sí èdè kan tí gbogbo ọmọ gbọ́, a kò kọ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì ṣíwájú níbẹ̀. Kì í ṣe ìdí nìyẹn láti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣíwájú ní ìlú tí ọmọ, olùkọ́ àti ìyá oníyán tó wà lẹ́nu géètì ti ń sọ èdè kan náà.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní kò sí ìwé, kò sí olùkọ́. Nígbà tí àwọn ará Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí ìwé náà. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Ìjọba tó lè tẹ ìwé ìdìbò fún gbogbo orílẹ̀-èdè lè tẹ ìwé ìṣirò. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ẹ̀wẹ̀, apá méjèèjì ló dùn. Ta ló sọ pé a ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó tó fún gbogbo kíláàsì láti jẹ́lé-ó-sinmi? Olùkọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, tí a wá fi agbára mú pé kó fi í ṣàlàyé ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin fún ọmọ ọdún mẹ́fà, kí ni yóò kọ́ ọ? Kò ní kọ́ ọ ní ìṣirò, kò sì ní kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀kẹrin ni ti àwa òbí. Wọ́n ní àwa fúnra wa là ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé à ń sá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lọ sí ti aládàáni, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èdè abínibí, tí wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Òótọ́ ni pé òbí ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni kò ní fẹ́ ohun tó ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́? Ṣùgbọ́n a kì í torí pé a fẹ́ jẹ ẹran, ká pe màlúù ní bùọ̀dá. Kí òṣìṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù tí kò tó nǹkan, nítorí ọmọ rẹ̀ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ìtìjú ni. Ọmọ tó bá kọ́ ní ọmọ ọdún márùn-ún pé èdè tó wà lẹ́nu bàbá òun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, yóò pẹ́ kó tó gbà pé bàbá náà ní ọgbọ́n.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe aṣojú òṣìṣẹ́ rí mọ ohun tí à ń wí. Wọ́n á kọ ìwé ìkìlọ̀ sí òṣìṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì líle, wọ́n á ní kó fèsì láàárín wákàtí 24. Ọkùnrin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ju máníjà lọ, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ bí wọ́n ti fẹ́. Wọ́n á gbé e síwájú ìgbìmọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi bi í, yóò máa wá ọ̀rọ̀, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa. Ìkìlọ̀ lára dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé tó ní kí a pa iná kí a tó tọwọ́ bọ ẹ̀rọ, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ìka bá gé, wọ́n á ní a ti lẹ ìwé mọ́ ògiri. Èdè tí kò yé ni kò lè dáàbò bo ni. Bí a bá gbà kí wọ́n fi irú èyí bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ wa ní kíláàsì àkọ́kọ́, ńṣe ni à ń kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa mi orí sí ohun tí kò yé e.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka yìí yẹ kó máa béèrè nìyí:

1. Kí wọ́n máa fi Yorùbá, tàbí èdè àdúgbò tí ọmọ gbọ́, kọ́ni ní gbogbo iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ láti kíláàsì àkọ́kọ́, lọ́wọ́ olùkọ́ tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà.

2. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá má ṣe sá sẹ́yìn Àbújá. Òfin orílẹ̀-èdè fún ìpínlẹ̀ ní agbára lórí ètò ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ní ọdún 2018 pé kí Yorùbá jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni. Kí wọ́n mú un ṣẹ.

3. Kí wọ́n gbé iṣẹ́ Ifẹ̀ jáde nínú àpótí, kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ kọ fún ìgbà yìí, kí wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń lò ó.

4. Kí wọ́n fi òfin de gbígba owó ìtanràn tàbí nína ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀.

5. Ní ilé iṣẹ́ tiwa, kí gbogbo ìkìlọ̀ nípa ewu wà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí òṣìṣẹ́ tó bá wà níwájú ìgbìmọ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀ ní èdè tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Èyí yẹ kó wọ inú ìwé àdéhùn tí a óò tún bá ilé iṣẹ́ jókòó lé lórí.

6. Kí ẹ̀ka wa ṣí kíláàsì alẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń bá ìjọba jà kí ọmọ lè rí méjèèjì kọ́, kó má fi ara rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni èdè méjèèjì yìí rí. Gẹ̀ẹ́sì yóò mú ọmọ wa dé ibi tí Yorùbá nìkan kò lè mú un dé. Yorùbá yóò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì àjèjì kò lè dé nínú orí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá ní ká yan ọ̀kan, ká sọ ìkejì nù, kò fẹ́ ire fún wa.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ yín. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín bá pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ má ṣe rán ẹlòmíràn lọ. Ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ sì béèrè pé èdè wo ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ yín. Níbi ìpàdé gbogboogbò ẹ̀ka wa tó ń bọ̀, a ó gbé ohun mẹ́fà yìí kalẹ̀ kí ẹ lè dìbò lé wọn lórí. Ẹ wá, kí ẹ sọ tẹnu yín. Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tiwa, kó wá sọ ọ́ pẹ̀lú. Yorùbá ni a ó fi ṣe ìpàdé, ẹni tí kò bá sì gbọ́ Yorùbá, a ó túmọ̀ fún un. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́ o.